Crawfish: Ẹja Tí Kì Í Ṣe Ẹja

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ crawfish, tí àwọn mìíràn ń kọ ní crayfish, jẹ́ orúkọ ẹranko kan tó ń gbé inú odò, adágún àti àbàtà, tí èèpo líle bò lára, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, tí méjì tó wà níwájú pátápátá sì ti di ẹ̀mú tó lágbára bíi ti alákàn. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò tètè rí i pé fish, èyí tí í ṣe ẹja, wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ẹranko tí à ń wí yìí kò ní ìpẹ́, kò ní lẹ́bẹ́, kò sì ní egungun kan ṣoṣo nínú ara. Bí ẹja ṣe wọ orúkọ ohun tí kì í ṣe ẹja jẹ́ ìtàn tó gùn, tó ti ilẹ̀ Jámánì àtijọ́ gba Faransé kọjá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà àti sí etíkun Áfíríkà. Ó yẹ kí Yorùbá mọ ìtàn náà dunjú, nítorí pé ojoojúmọ́ ni à ń fi crayfish túmọ̀ edé, tí a sì ń fi edé túmọ̀ crayfish, nígbà tó jẹ́ pé edé tó wà nínú ọbẹ̀ wa kọ́ ni ẹranko tí orúkọ yìí kọ́kọ́ wà fún.

Ọ̀dọ̀ àwọn Frank ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yà kan lára àwọn ará Jámánì àtijọ́ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gaul, tí ilẹ̀ náà fi ń jẹ́ Faransé títí di òní. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pe alákàn àti àwọn ẹbí rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ti ti ara àwọn èdè tó bá a tan tún un tò, wọ́n ní yóò ti dún bíi krebit. Ọmọ ìyá rẹ̀ nínú èdè Jámánì àtijọ́ ni krebiz, èyí tó di Krebs lẹ́nu àwọn ará Jámánì òde òní, crab tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe alákàn kò sì jìnnà sí ìdílé kan náà. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé àtijọ́ yá ọ̀rọ̀ àwọn Frank yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ahọ́n tiwọn ṣe fẹ́ ẹ, ó di crevice, òun náà ló sì wá di écrevisse tí Faransé ń lò lónìí. Nígbà tí àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, tí èdè Faransé di èdè ààfin, èdè ilé ẹjọ́ àti èdè ilé ìdáná àwọn ọlọ́lá, ọ̀nà ṣí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ láti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà yẹn ni crevice náà sì gbà wọlé, tí àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́ ní crevis, crevise tàbí crevys. Títí di àkókò yìí, kò sí ẹja kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Alákàn ló wà níbẹ̀.

Sílébù ni à ń pe ègé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjì ló wà nínú crevis, èkejì tí í ṣe vis ló sì fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn a máa fi ìró v pe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará àríwá ń fi f pè, tó fi jẹ́ pé ẹja gan-an, fish, a máa dún bíi vish lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, tó sì mọ̀ pé inú omi ni wọ́n ti ń mú ohun tó ń jẹ́ crevis, yóò gbà láìjanpata pé vish, ìyẹn ẹja, ni etí òun gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn tó mọ̀ọ́kọ ti ń kọ ohun tí etí gbọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà di crayfish. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, crawfish fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Irú ìyípadà báyìí ni a lè pè ní ìtúpalẹ̀ ará ìlú: àwọn tó ń sọ èdè kan bá ọ̀rọ̀ àjèjì pàdé, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ létí wọn, wọ́n bá yí apá kan rẹ̀ padà kó lè jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ nílé tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ asparagus, tí í ṣe ewébẹ̀, di sparrow-grass nígbà kan, bí ẹni pé koríko ẹyẹ ológoṣẹ́ ni. Ó yàtọ̀ sí ohun tí Yorùbá sábà máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àyálò. Nígbà tí a sọ bread di búrẹ́dì, tí a sì sọ church di ṣọ́ọ̀ṣì, ìró nìkan ni a tún ṣe: a fi fáwẹ̀lì ya kọ́ńsónáǹtì tó fara kọ́ra sọ́tọ̀, a fi fáwẹ̀lì ti ìparí ọ̀rọ̀, a fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, a sì fi ìtumọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ crevis di crayfish ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n fún àlejò ní orúkọ ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Yorùbá ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwọn náà wo ilé lóòótọ́, wọ́n rí i pé omi ni, ṣùgbọ́n wọn kò wo ọmọ.

A kò gbọdọ̀ dá wọn lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Láyé àtijọ́, ohun tí fish ń tọ́ka sí nínú Gẹ̀ẹ́sì ju ẹja onípẹ̀ẹ́ lọ, ohunkóhun tó bá ti fi omi ṣe ilé lè jẹ́ ẹ, apá kan àṣà náà sì ṣẹ́ kù nínú jellyfish, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ bí ògì tó dì, nínú starfish tó rí bí ìràwọ̀, àti nínú shellfish, tí í ṣe orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo eléèpo inú omi. Yorùbá náà ń pe àbùùbùtán ní ẹja, bẹ́ẹ̀ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni, tó sì gbọ́dọ̀ yọrí sókè láti mí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé Yorùbá kò da edé àti alákàn pọ̀ mọ́ ẹja rí. Nínú Bíbélì, orí kọkànlá ìwé Léfítíkù, ohun tí òfin fi ya èyí tí a lè jẹ nínú omi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò gbọdọ̀ jẹ ni lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́, Júù tó bá sì ń pa òfin náà mọ́ kò ní jẹ crawfish, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa pariwo.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín cray àti craw kò ju ti ìró lọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi fáwẹ̀lì orí rẹ̀ pè é ní oríṣiríṣi, oríṣi méjì sì dàgbà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú crayfish, T. H. Huxley, ọ̀kan lára wọn, sì fi gbogbo ìwé kan tó jáde ní ọdún 1880 ṣàlàyé ẹranko kan ṣoṣo yìí, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Crawfish ló ta gbòǹgbò ní gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí crawdad, tí í ṣe orúkọ àwàdà, gbilẹ̀ ní àárín àti ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì Harvard ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀, orúkọ ẹranko yìí wà lára àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi ará ìlú, nítorí pé ẹnu tí ènìyàn fi pè é lè fi agbègbè tó ti wá hàn.

Ohun tó le jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ti bọ́ sára ọ̀pọ̀ ẹranko. Àwọn apẹja etíkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹranko ńlá kan nínú òkun ní crawfish, èyí tí ẹ̀gún wà lára èèpo rẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀mú ńlá kankan; irú ẹ̀ yìí náà ni crawfish lẹ́nu àwọn ará Bahamas. Ní orílẹ̀-èdè South Africa àti New Zealand, bí ènìyàn bá béèrè crayfish nílé oúnjẹ, ẹlẹ́gùn-ún inú òkun ni wọn yóò gbé wá. Ìlú kan wà ní New Zealand tó ń jẹ́ Kaikōura, orúkọ rẹ̀ nínú èdè Maori sì ni jíjẹ ẹranko yìí, nítorí pé kai ni jíjẹ, kōura sì ni ẹranko náà. Ní Ọsirélíà, níbi tí ẹranko omi dídùn náà gan-an pọ̀ sí, ọ̀kan lára wọn ń jẹ́ yabby, ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó yá lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ọ̀kan mìíràn ní erékùṣù Tasmania sì lè tóbi ju gbogbo ẹranko aláìléegun inú omi dídùn lọ ní gbogbo ayé. Irú tó ń gbé omi dídùn lé ní 600 káàkiri àgbáyé, gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì pọ̀ sí jù.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun ìdánimọ̀ fún odindi ìpínlẹ̀ kan. Ní Louisiana, níbi tí odò Mississippi ti tú sí àbàtà kó tó wọ òkun, àwọn onílẹ̀ ti mọ ẹranko yìí kí òyìnbó tó dé. Ẹ̀yà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Houma, ìtumọ̀ orúkọ wọn sì ni pupa. Àwọn òpìtàn kan gbà pé orúkọ náà ti gùn ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀, pé crawfish pupa ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, nítorí pé òun ni àmì tí wọ́n fi ń lọ sójú ogun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Akédíà dé, àwọn tó ń sọ Faransé, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé kúrò ní ilẹ̀ wọn ní etíkun Kánádà ní ọdún 1755. Wọ́n gbé écrevisse wọn wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Faransé lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá ti àtijọ́ lọ, ó sì bá crawfish pàdé nínú àbàtà kan náà, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tí wọn kò mọ ara wọn mọ́. Orúkọ àwọn ènìyàn náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ irú àyípadà bẹ́ẹ̀: Acadien di Cadien, Cadien sì di Cajun létí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ìtàn kan tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú, pé alákàṣà inú òkun Kánádà ló rí i pé àwọn ènìyàn òun ń lọ sí ìgbèkùn, tó sì tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ìrìn náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi joro kó tó dé àbàtà Louisiana, òun ló di crawfish. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì àti sí Kúbà ṣe gbé òrìṣà wọn dání yóò mọ ìdí tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fi ń wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé.

Fún ọjọ́ pípẹ́, oúnjẹ tálákà ni wọ́n ka crawfish sí, ohun tí ọmọdé lè fi okùn àti ègé ẹran fà jáde nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìyípadà dé ní ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1959, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Louisiana kéde ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Breaux Bridge gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú crawfish fún gbogbo ayé, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni àjọ̀dún crawfish bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; ní ọdún 1983, òfin sọ ẹranko náà di ẹranko eléèpo tó dúró fún ìpínlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti kọ́ láti fi oko ìrẹsì sìn ín: bí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán, wọn a tún jẹ́ kí omi bo ilẹ̀ náà, pòròpórò tó bá kù a di oúnjẹ fún crawfish, wọn a sì máa fi pańpẹ́ onírin mú un láti ìgbà òtútù títí di ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Oko kan, ilẹ̀ kan, ìkórè méjì.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tọ́ sí àpèjúwe. Ìkòkò ńlá ni wọ́n máa ń gbé kaná níta, omi rẹ̀ a ti kún fún iyọ̀, ata gbígbẹ, ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà àti aáyù, wọn a da ọ̀dùnkún àti àgbàdo sí i, wọn a sì da crawfish láàyè lé e lórí. Èèpo tó dúdú mọ́ pupa tẹ́lẹ̀ a pọ́n rokoṣo láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé àwọ̀ pupa náà ti wà nínú èèpo tẹ́lẹ̀, èròjà purotéènì kan ló dì mọ́ ọn tó bò ó lójú, iná sì tú u sílẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ edé àti alákàn di pupa lórí iná tiwa. Wọn a da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn bò, àwo kò sí, ṣíbí kò sí. Olúkúlùkù a mú orí dání lọ́wọ́ kan, a mú ìrù dání lọ́wọ́ kejì, a lọ́ ọ títí yóò fi já, a fa ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè tó wà nínú orí mu, kó tó bó ìrù tó ní ẹran. Ẹran tó wà nínú ọ̀kan kò ju ẹnu kan lọ, ìdí nìyí tí òkìtì èèpo tó máa ń wà níwájú ẹni tó yó fi máa ń ga.

Àkókò tí crawfish pọ̀ jù lọ́jà bọ́ sí àkókò Àwẹ̀ Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ará Louisiana tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nínú rẹ̀. Ẹja ni ìjọ fi àyè gbà, ohun inú omi tó ní èèpo sì wà lábẹ́ àyè kan náà, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì Rere jẹ́ ọjọ́ ìkòkò crawfish ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹranko kan náà tí Léfítíkù yọ kúrò nítorí pé kò ní ìpẹ́ ni àṣà ìjọ gbà wọlé nítorí pé kì í ṣe ẹran.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí orúkọ nìkan. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ crawfish di ọ̀rọ̀-ìṣe, pàápàá nínú ìṣèlú: ẹni tó ṣe ìlérí, tó wá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, wọ́n ní ó crawfish. Ìṣe ẹranko náà ni wọ́n ti rí i. Bí ohun kan bá dẹ́rù bà á, iṣan alágbára tó wà ní ìrù rẹ̀ a sún kì lójijì, ìrù tó rí bí abẹ̀bẹ̀ a ká sábẹ́ ikùn, a ti omi síwájú, gbogbo ara a sì fò sẹ́yìn bí ọfà. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, iwájú ló máa ń rìn lọ. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ láti ara edé, ojú alákàn ni a mú nínú òwe, nígbà tí a ní ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, èyí sì fi hàn pé ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan yàn láti rí lára ẹranko yàtọ̀: àwọn ará Amẹ́ríkà rí ìsá, àwa rí ìṣọ́ra.

Àwọn ará Jámánì rí nǹkan mìíràn. Krebs, tí í ṣe orúkọ ẹranko náà lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n tún ń pe àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì tẹ̀ lé Látìn àti Gíríìkì nínú èyí, nítorí pé àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ti fi orúkọ alákàn pe kókó àrùn náà. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn rí edé. Crawfish Louisiana dé Jàpáánì ní ọdún 1927, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ fún ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń sìn, kò sì pẹ́ tó fi dé Ṣáínà láti ibẹ̀. Lónìí, xiaolongxia ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni edé dírágónì kékeré. Ẹranko kan ṣoṣo, alákàn lọ́dọ̀ Jámánì, ẹja lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, edé lọ́dọ̀ Ṣáínà.

Edé tiwa wá ńkọ́? Ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní crayfish lọ́jà, láti Oron ní Akwa Ibom títí dé Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó, ni edé kékeré tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó ní ibi tí odò ti ń pàdé òkun, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Nematopalaemon hastatus, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Wọn a fi èéfín yan án tàbí kí wọ́n sá a sóòrùn, wọn a dì í sínú àpò ńlá, àwọn alájàpá a sì fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà. Bí ènìyàn bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lórí atẹ, yóò rí ẹ̀yìn tó tẹ̀ kọrọdọ, irun imú tó gùn ju ara lọ tó ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ojú dúdú bíńtín tó dà bí orí abẹ́rẹ́, yóò sì gbọ́ òórùn tí ènìyàn lè fi dá ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ kí ìkòkò tó ṣí. Kò ní rí ẹ̀mú ńlá. Edé a máa lúwẹ̀ẹ́, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Crawfish a máa fi ẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ omi, èèpo rẹ̀ nípọn, ọmọ rẹ̀ tó bá sì pa yóò ti jọ ìyá rẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀, yóò so mọ́ abẹ́ ìrù ìyá títí yóò fi lè dá dúró. Ìdílé wọn kan ara wọn lókè réré, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Edé náà ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tí àwọn Pọtogí dé ẹnu odò Wouri ní nǹkan bí ọdún 1472, ohun tó wà nínú omi náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pè é ní Rio dos Camarões, odò edé, orúkọ yìí ló sì di Kamẹrúùnù. Ní Bàhíà, camarão kan náà, ní gbígbẹ, ni wọ́n ń lọ̀ sínú vatapá tí wọ́n fi sáàárín acarajé, ìyẹn àkàrà tí àwọn ìyá wa gbé lọ, tó jẹ́ pé bí obìnrin kan bá ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà ní Salvador, ẹ̀wà, epo pupa àti edé ló wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe edé yẹn ní ẹja níbẹ̀.

Ewu tó wà nínú títúmọ̀ ọ̀rọ̀ láìbéèrè ilẹ̀ tó ti wá kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá rí crawfish nínú ìwé oúnjẹ Louisiana, tó sì kọ edé gbígbẹ sí Yorùbá rẹ̀, ti ba ọbẹ̀ náà jẹ́. Ẹni tó sì rí crayfish nínú ìwé oúnjẹ Nàìjíríà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tó lọ ra ẹlẹ́mùú tútù, ti ba a jẹ́ bákan náà. Èyí tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ara wọn kò gba eléèpo inú omi, tí ojú wọn máa ń wú tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun wọn máa ń dí bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Èròjà purotéènì tó máa ń fa ìyọnu náà, tropomyosin, wà lára edé, alákàn àti crawfish lápapọ̀, ẹni tó bá sì rò pé fish inú orúkọ náà túmọ̀ sí ẹja lásán lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Nínú ìwé ìtumọ̀ tó bá péye, edé gbọ́dọ̀ dá dúró fún edé. Ó yẹ kí a sì fi àmì ohùn sí i, nítorí pé láìsí àmì, edé tí à ń jẹ, èdè tí à ń sọ àti ìlú Ẹdẹ tí wọn kò fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ìwé.

Ẹranko náà gan-an kò ní ilé ní Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí erékùṣù Madagásíkà, tó ní irú tirẹ̀ nínú àwọn odò orí òkè, kò sí crawfish kankan tó jẹ́ onílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, èyí sì ni ìdí pàtàkì tí Yorùbá kò fi ní orúkọ fún un. Ohun tó tún jọ ọ́ jù nínú odò àti ọ̀sà wa ni edé ńlá inú odò tó ní ọwọ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ti gbé irú ti Louisiana wọlé. Wọ́n da á sí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1970, ó sì bí sí i títí tó fi jẹ koríko inú omi tán láwọn àkókò kan; ó dé odò Náílì ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, níbi tó ti ń gbẹ́ ihò sí etí ipadò tó sì ń já àwọ̀n apẹja. Àwọn ará Íjíbítì fi orúkọ alákàṣà inú òkun pè é, istakoza, tí wọ́n ti yá lọ́wọ́ Gíríìkì. Irú mìíràn, tí abo nìkan ni gbogbo rẹ̀, tó ń bímọ láìrí akọ, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Jámánì jáde ní àwọn ọdún 1990, ti gba ọ̀pọ̀ odò àti oko ìrẹsì Madagásíkà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò yẹ kí Yorùbá dúró dìgbà tí ẹranko náà bá wọ odò wa kó tó sọ ọ́ lórúkọ, kò sì yẹ kó gba orúkọ tí àṣìgbọ́ bí. Kíréfíìṣì kò lè tó, nítorí pé edé ti gbà á lọ́jà. Alákàn odò náà kò tọ̀nà, nítorí pé alákàn gidi wà nínú odò wa, ara rẹ̀ sì rí rìbìtì, kò ní ìrù tó ṣeé jẹ. Orúkọ tó bá ẹranko náà mu jù ni edé ẹlẹ́mùú: edé, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe gùn tí ìrù rẹ̀ sì ní ẹran, ẹlẹ́mùú, nítorí ohun méjì tó nà síwájú rẹ̀, tó fi ń jà, tó fi ń mú oúnjẹ, tó sì fi ń gbẹ́ ihò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi tí ẹranko náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀mú yẹn ni yóò bá pàdé, kó tó rí èèpo, kó tó rí ìrù.